Ìdí tí àwọn tó ń béèrè iye owó ẹ̀kọ́ fi ń pòórá, àti bí a ṣe tún un ṣe

Ojoojúmọ́ ni Status WhatsApp tí a fi ń polówó ẹ̀kọ́ wa ń jáde, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sanwó. Ibi tó ti ń jò ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré la máa ń dá oníbàárà lóhùn, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ á rì sísàlẹ̀.

A ṣe àmì (label) mẹ́ta sínú WhatsApp Business, láti fi mọ ibi tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan dé: «Ó béèrè», «Ó ń rò ó», «Ó ti san». Ẹni tó bá kọ̀wé lónìí gbọ́dọ̀ gba àmì lónìí. Láago méje àárọ̀, kí a tó ṣí Facebook rárá, ẹni márùn-ún nínú «Ó ń rò ó» la ó kọ̀wé sí: ìbéèrè kan ṣoṣo, lórí ìṣòro tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Ẹ má fi ẹ̀dà kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn o, wọ́n máa ń mọ̀.

Broadcast, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, kì í kọjá ẹni 256 lórí àkójọ kan, ẹni tí kò bá sì tọ́jú nọ́ńbà yín sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí i. Ẹ tètè ní kó tọ́jú rẹ̀.

Ọjọ́ tí kò síná ló máa ń ba ètò yìí jẹ́ jù. Ẹ kọ ìbéèrè tọ̀la sílẹ̀ lálẹ́. Bí àyè ò bá sí, ẹni méjì tó.