Ẹ má tíì gé ṣáàsì yẹn: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú wíwọn notch ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù

Ẹni tó bá fẹ́ kí Hilux rẹ̀ máa sùn sílẹ̀ pẹẹrẹ ní Surulere, owó airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń gbé mọ́tò sókè, tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀) àti kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ ló máa ń gbà á lọ́kàn. Kì í rántí pé bí afẹ́fẹ́ bá jáde tán tí mọ́tò wálẹ̀, axle ẹ̀yìn, ìyẹn irin ìdábùú tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, á lọ forí sọ abẹ́ ṣáàsì, egungun irin tó gbé mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé abẹ́ ṣáàsì róbótó níbi tí axle ń gbà kọjá, tí wọ́n á fi irin tó nípọn tẹ́ ojú rẹ̀. Notch ni wọ́n ń pè é. Gígé rẹ̀ kọ́ ni wàhálà. Ẹ dé Ladipo ní Mushin, ẹ máa rí wẹ́dà tó máa gé e kí ẹ tó jẹ àmàlà tán. Wíwọ̀n rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́, ibẹ̀ náà sì lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Èyí tó burú jù ni kí wọ́n fi jáàkì gbé ṣáàsì sókè, kí táyà máa rọ̀ dirodiro, kí wẹ́dà wá na téèpù láàárín axle àti ṣáàsì. Tẹ́lọ̀ wo ló ń wọn gígùn ṣòkòtò oníbàárà tó jókòó? Àlàfo tí ẹ rí nígbà tí mọ́tò wà lókè kò sọ nǹkan kan fún yín nípa ibi tí axle máa dé tí mọ́tò bá sùn. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ tẹ ilẹ̀, kí ẹrù mọ́tò wà lórí wọn.

Ẹ kò sì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán kí ẹ tó gé e, torí axle á ti kan ṣáàsì lójú ọ̀nà. Ìṣirò ló máa gbà yín. Ẹ jẹ́ ká sọ pé láti ilẹ̀ dé ibi tó rẹlẹ̀ jù lábẹ́ ṣáàsì jẹ́ 155 mm, ẹ sì fẹ́ kó sùn sílẹ̀ pátápátá. Àlàfo láti orí axle dé abẹ́ ṣáàsì jẹ́ 60 mm. Ẹ yọ 60 kúrò nínú 155, ó ku 95. Iye tí axle máa wọ inú ṣáàsì nìyẹn. Ẹ fi 25 mm kún un kí axle má baà máa gbo irin, ó di 120 mm. Wàyí o, ẹ wọn gíga irin ṣáàsì fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ 130 mm, 10 mm péré ló máa kù lókè. Ìyẹn kì í ṣe notch mọ́, ṣáàsì ti já nìyẹn. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n kọ́ afárá irin gba orí ṣáàsì kọjá, àbí kí ẹni tó ni ín gbà pé kò ní sùn tán. Wẹ́dà tí kò bá sọ èyí fún yín kó tó tan iná, ẹ sá fún un.

Táyà ni ohun kejì. Wọ́n á fi táyà tó bá mọ́tò wá wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ra ríìmù tuntun. Táyà 265/65R17 ga tó 776 mm. 225/45R17 ga tó 634 mm. Ìdajì ìyàtọ̀ wọn, 71 mm, ni ààrin axle fi ń sún mọ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá fi táyà ńlá wọ̀n ọ́n á gé 71 mm tí kò yẹ kó gé, irin tí wọ́n sì ti gé kò ṣeé dá padà bó ṣe wà. Ẹni tó fi táyà kékeré wọ̀n ọ́n tó wá padà sí ńlá, axle á kan ṣáàsì kí mọ́tò tó sùn. Ẹ kọ́kọ́ ra ríìmù àti táyà, ẹ fún wọn ní afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ, kí téèpù tó jáde.

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí ọ́ìlì ti rin gbingbin kì í tẹ́jú, torí náà ẹ wọn apá ọ̀tún, ẹ wọn apá òsì. Tókùnbọ̀ mìíràn ti ní jàǹbá kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá, ṣáàsì rẹ̀ sì lè ti wọ́. Bí apá méjèèjì kò bá dọ́gba lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ wá ìdí rẹ̀ ná.

Àwọn kan á wọn jíjìn, wọn kò ní wọn iwájú àti ẹ̀yìn. Axle kì í lọ sókè ṣánṣán. Sípíríìngì tó tẹ̀ kọdọrọ máa ń gùn sí i tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ti iwájú kì í kúrò lójú kan, axle á sún sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ọ̀pá link, ìyẹn ọ̀pá irin tó di axle mọ́ ṣáàsì dípò sípíríìngì, ni ẹ lò, axle á máa yí bírí tẹ̀lé ọ̀pá náà. Sẹ́yìn ló máa wà jù tí ọ̀pá bá tẹ́jú, bó bá tún gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, á padà síwájú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ṣáàsì níbi tí ààrin axle wà lókè àti níbi tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì gé e kó gba méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń wọn irin róbótó axle nìkan, tí wọ́n á gbàgbé nọ́ọ̀tì àti bọ́ọ̀tì tó yọrí, páìpù bíréèkì tó gba orí rẹ̀, irin tí airbag jókòó lé. Orí dífù, ilé jíà tó wà láàárín axle, ga ju axle lọ, á sì fẹ́ kan abẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Pùròpẹ́là, ọ̀pá tó ń yí láti jíà wá sí dífù, náà á gòkè, ó lè máa gbo irin ìdábùú ààrin ṣáàsì. Mo ti rí píkọ́ọ̀pù tí notch rẹ̀ dán gbinrin, tí pùròpẹ́là rẹ̀ sì ń ké lórí eré.

Kòtò Èkó kì í sì í gbé táyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí apá kan bá wọ kòtò, axle á fì sápá kan, igun kan á ga ju èyí tí ẹ wọ̀n lọ. Rọ́bà tó ń dá axle dúró gbọ́dọ̀ kan ṣáàsì ṣáájú axle, kó má sì jẹ́ airbag tó ti rọ̀ ló ń gbé gbogbo ẹrù mọ́tò, torí á bẹ́.

Ní ti gígé náà: igun róbótó ni, torí ibi igun mímú ni irin ti ń sán. Apá kan ni kí ẹ gé, kí ẹ jó o tán, kí ẹ tó kan ìkejì, kí irin atìlẹ́yìn sì wà lára ṣáàsì. Ẹ yọ orí bátìrì, ẹ kó páìpù epo àti táǹkì kúrò nítòsí iná. Ẹ kùn ún nínú lóde, pàápàá tí ẹ bá ń gbé létí ọ̀sà.

Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ fi gírísì nípọn sí orí axle lábẹ́ notch, ẹ fi afẹ́fẹ́ tí ẹ máa ń lò sínú airbag, ẹ di ẹrù díẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ gba orí afárá tí àwọn ìsopọ̀ rẹ̀ ń gbé mọ́tò sọ. Tí ẹ bá dé, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí gírísì bá ti kan irin lókè, ẹ fi rọ́bà ìdádúró tó ga sí i sí i, ẹ má tún gé ṣáàsì.