Bí a ṣe ń to rọ́bọ́ọ̀tì Gundam, kó sì rí bí èyí tó ti ṣiṣẹ́ nínú òjò àti eruku

Gundam ni rọ́bọ́ọ̀tì inú eré àwòrán kan ní Jàpáàn, kíìtì ẹ̀ sì ni ike ẹlẹ́yà-ẹ̀yà inú páálí tẹ́ ẹ máa fọwọ́ ara yín tò. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní HG (High Grade) ni kẹ́ ẹ rà, ìwọ̀n 1/144. Bandai ló ń ṣe é ní Jàpáàn, látọdún 1980 ni wọ́n ti ń ṣe kíìtì Gundam, HG fúnra ẹ̀ dé ní 1990. Gundam àkọ́kọ́ yẹn, RX-78-2, mítà 18 ló ga nínú ìtàn, tẹ́ ẹ bá wá pín in sí 144, sẹ̀ǹtímítà 12 àtààbọ̀ lẹ máa gbé ka tábìlì. Irú kejì, RG (Real Grade), ò ga jù ú lọ, àmọ́ ẹ̀yà ara ẹ̀ kéré, wọ́n sì pọ̀ gan-an, ẹ fìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹ ò nílò gúlùú, ńṣe ni wọ́n ń wọnú ara wọn, ìwé inú páálí sì lè jẹ́ èdè Jàpáàn o, kò sí wàhálà, àwòrán ló kún inú ẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà lẹ máa tẹ̀ lé, A5, B12, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá nípà kékeré tẹ́nu ẹ̀ mú dáadáa, irú tàwọn tó ń tún fóònù ṣe, ẹ wá abẹ tó mú, àti sánpépà olómi táwọn tó ń kun mọ́tò ń lò, nọ́ńbà 400, 600, 800 àti 1000, ẹ béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọ̀dà mọ́tò lápá Gate n'Ìbàdàn.

Gígé yẹn gan-an ló máa fi hàn bóyá ẹ fara balẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ká ẹ̀yà kankan kúrò lára férémù ẹ̀, ìyẹn ike tó so àwọn ẹ̀yà pọ̀, ó máa ya, á sì fi ojú funfun sílẹ̀ lára ike náà, pàápàá tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí búlúù. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń gé e. Àkọ́kọ́, ẹ gé e jìnnà sí ara ẹ̀yà náà kó lè kúrò lára férémù, lẹ́yìn náà ẹ wá gé ìdí tó kù, kó ku bíi mìlímítà kan, ìyẹn lẹ máa wá fi abẹ fá díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi sánpépà ra á láti 400 lọ sí 1000. Tí nǹkan ò bá wọlé, ẹ má fipá tì í o, ẹ tún àwòrán wò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òdìkejì lẹ fi sí i.

Àwọn ìlà tóóró ara ẹ̀ ńkọ́? Gundam Marker onímú tín-ín-rín, ìyẹn bíírò tí wọ́n ṣe fún un, lẹ máa fi tẹ̀ lé wọn, àwọ̀ eérú lórí funfun, dúdú lórí àwọ̀ tó ṣú, búráùn lórí pupa, tó bá ṣàn jù, írésà máa pa á rẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà enamel tí wọ́n ń dà sínú ìlà, torí tínà inú ẹ̀, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, máa ń wọ ibi tí ike ti fún mọ́ra, ibẹ̀ á sì sán.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fín matte topcoat sí i, ìyẹn ọ̀dà inú agolo tí ò láwọ̀ tí kì í dán, ní ìta, kẹ́ ẹ bo imú, kí agolo jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ẹ fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ẹ yọ ojú ẹ̀ àti gbogbo ike tó mọ́ gaara kúrò ná, kó má bàa ṣú. Tí òjò bá ṣú tàbí tí afẹ́fẹ́ bá lómi nínú, bí Ìbàdàn ṣe máa ń rí ní oṣù kẹfà sí ìkeje, ẹ má fín nǹkan kan, á funfun bí ìkúùkù. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ lóòótọ́, àmọ́ eruku wà, torí náà ẹ fi páálí bò ó títí á fi gbẹ.

Wàyí o, sísọ ọ́ di ògbólógbòó, ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ojú la sì fi ń kọ́ ọ. Ẹ wo Máíkírà tó ń bọ̀ láti Iwo Road lẹ́yìn òjò, ẹrẹ̀ ò sí lórí ẹ̀, ẹ̀yìn táyà àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ló wà, etí ilẹ̀kùn tí ọwọ́ èrò ń kàn lójoojúmọ́ sì ni ọ̀dà ti bó. Ẹ dúró lókè Mapo kẹ́ ẹ wo páànù àwọn ilé ìsàlẹ̀, ẹ máa rí i pé níbi ìṣó àti ibi tí páànù ti gun ara wọn ló ti ń dógùn-ún, á wá tẹ̀ lé ọ̀nà omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe ti rọ́bọ́ọ̀tì yín.

Ẹ ya fóòmù ìfọbọ́ kékeré, ẹ tì í bọ ọ̀dà acrylic búráùn tó ṣú, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ tíṣù títí ọ̀dà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára ẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa fi kan etí asà, orúnkún àti ẹsẹ̀. Ẹ rántí pé mìlímítà kan lára 1/144, sẹ̀ǹtímítà 14 ni lára rọ́bọ́ọ̀tì gidi, torí náà àmì tó bá tóbi tó ìrẹsì á dà bí ihò tí wọ́n fi ìbọn lù. Fún ojú omi, ẹ po búráùn náà kó ṣàn, ẹ kán an sídìí bóòtù kan, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tútù fà á wá sísàlẹ̀ kó tó gbẹ. Eruku ńkọ́? Ẹ lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, ẹ fi osùn díẹ̀ sí i, á jọ ilẹ̀ pupa wa yìí gan-an, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbé e sí ẹsẹ̀, kó máa fúyẹ́ bó ṣe ń lọ sókè, tó bá ti kọjá orúnkún ó ti pọ̀ jù. Èédú lílọ̀ lẹ máa fi ṣe ẹnu ìbọn àti ibi tí iná ti ń jáde lẹ́yìn.

Ẹ tún fín topcoat lé e, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Eruku yẹn máa ń parẹ́ díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, tó bá parẹ́ jù, ẹ fi díẹ̀ kún ti ẹsẹ̀ nìkan, ẹ má sì fín nǹkan kan sí i mọ́, ẹ ṣáà máa di ìgbáròkó ẹ̀ mú tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e.