Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wọ yunifásítì tó ṣòro wọ̀, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé

Máàkì ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè, SAT (ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà) ẹ jẹ́ mélòó, A mélòó lo ní, wọ́n á wá fi ọdún mẹ́ta gbáko lé máàkì kiri. Máàkì ṣe pàtàkì o, ẹni tí tiẹ̀ ò bá dáa, wọn ò ní fara balẹ̀ ka ìyókù ohun tó kọ. Àmọ́ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, nínú èèyàn 100 tó bá kọ̀wé sí yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ń gbà ò tó 5. Ṣé àwọn yòókù ò mọ̀wé ni? Wọ́n mọ̀wé dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba ipò kìíní níléèwé wọn. Torí náà tí máàkì bá ti dáa, ẹ wá nǹkan míì tẹ́ ẹ máa gbé kalẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ ná, torí ọ̀tọ̀ ni ti Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Oxford àti Cambridge, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kà gan-an ni wọ́n ń wò, pé ẹ jẹ́ kápútẹ́ẹ̀nì bọ́ọ̀lù ò kàn wọ́n. UCAS, ìyẹn àjọ tó ń gba fọ́ọ̀mù fáwọn yunifásítì Gẹ̀ẹ́sì, lẹ máa gbà kọ̀wé sí wọn, 15 October ló ń parí, ìyẹn sì yá ju ti ọ̀pọ̀ yunifásítì tó kù níbẹ̀ lọ, ẹ ò sì lè kọ̀wé sí àwọn méjèèjì lọ́dún kan náà. Intafíù wọn ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù. Ká ní ìṣirò lẹ fẹ́ kà, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ya gíráàfù sin x tí wọ́n fi x pín, kẹ́ ẹ sì máa sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń yà á. Ẹni tó bá dákẹ́ títí tó fi rí ìdáhùn ti fi nǹkan tí wọ́n fẹ́ gbọ́ pa mọ́. Ẹ sọ ọ́ síta: tí x bá ń tóbi sí i ńkọ́, tó bá sún mọ́ òdo ńkọ́, ó jọ pé á máa lọ sókè sódò ṣùgbọ́n á máa kéré sí i. Tẹ́ ẹ bá ṣì í tẹ́ ẹ sì rí i fúnra yín, kò sí wàhálà. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ pé kẹ́ ẹ máa yanjú ìbéèrè sókè létí ẹnì kan, kódà kí onítọ̀hún má mọ ìṣirò.

Tí Amẹ́ríkà bá ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo Common App, ìyẹn fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tẹ́ ẹ lè fi kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ yunifásítì (yunifásítì MIT ní fọ́ọ̀mù tiẹ̀ lọ́tọ̀). Àyè 10 ló wà fún ohun tẹ́ ẹ ń ṣe lẹ́yìn ìwé, àlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 150 lọ, àlàfo wà nínú ẹ̀. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ káàkiri kí àyè yẹn lè kún, ẹni tó bá sì lé eku méjì á pòfo. "Ọmọ ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì, mo ń lọ sípàdé" ò sọ nǹkan kan fún wọn. Ẹ wá wo èyí: "Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ ní ìṣirò ní gbogbo Sátidé, èmi ni mo ń kọ ìbéèrè tí wọ́n ń ṣe." Ẹ mú ohun kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ dúró tì í fún ọdún bíi mélòó kan títí ẹlòmíì á fi rí àǹfààní ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú àbúrò nílé tàbí tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ owó, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, àyè wà fún un nínú fọ́ọ̀mù yẹn, kò sì sóhun ìtìjú kankan níbẹ̀.

Àròkọ inú Common App ò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 650 lọ. Ẹ kọ nípa nǹkan kékeré tẹ́ ẹ mọ̀ dunjú, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kà á fún ẹni tó mọ̀ yín, ibi tó bá ti rẹ́rìn-ín pé "ìwọ kọ́ lò ń sọ̀rọ̀ yìí," ẹ pa á rẹ́.

Lẹ́tà tí tíṣà máa fi jẹ́rìí yín náà ńkọ́? Ẹ má lọ bá ọ̀gá àgbà torí ipò ẹ̀, tíṣà tẹ́ ẹ máa ń bá jiyàn lẹ́yìn kíláàsì ló ní nǹkan sọ. Ẹ bẹ̀ ẹ́ ní oṣù bíi méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ rán an létí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe fún un.

SAT: àwọn iléèwé kan ti yọ̀ǹda kéèyàn má ṣe é, àmọ́ MIT tún sọ ìdánwò di dandan lọ́dún 2022, Harvard náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2024, ẹ lọ wo ojú ìwé iléèwé kọ̀ọ̀kan fúnra yín, ẹ má gba àhesọ.

Wàyí o, owó. Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst kì í fi ti pé ẹ ń bèèrè ìrànwọ́ owó dá yín padà, bẹ́ ẹ tiẹ̀ wá láti orílẹ̀-èdè míì. Ọ̀pọ̀ iléèwé tó kù máa ń rò ó mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó hàn nínú àwọn tẹ́ ẹ máa yàn. Ẹ sì ṣọ́ra fún Early Decision, ìyẹn ètò kan téèyàn fi ń tètè kọ̀wé sí iléèwé kan, torí tí wọ́n bá ti gbà yín, ẹ ti ṣèlérí pé ẹ máa lọ, ẹ ò ní lè fi owó tí iléèwé míì bá gbé wá wéra. Early Action, tó jẹ́ ètò míì téèyàn fi ń tètè kọ̀wé, ò de èèyàn bẹ́ẹ̀. Owó fọ́ọ̀mù náà, ẹni tí kò bá ní in lè tọrọ kí wọ́n fojú fò ó.

Tí lẹ́tà ìgbàwọlé bá wá dé, ẹ ṣì máa kàwé o, torí wọ́n ṣì máa bèèrè máàkì ìparí, wọ́n sì lè gba àyè yẹn padà tó bá já wálẹ̀.