Báàgì kì í sáré: bí mo ṣe tún ẹ̀yán tó ṣìnà ṣe nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì

Ìdí ìbéèrè gírámà Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà, irú èyí tí wọ́n máa ń fàlà sábẹ́ apá kan gbólóhùn, kí èèyàn wá mú èyí tó tọ̀nà láti A dé D. Ẹ̀yán (modifier, ọ̀rọ̀ tàbí àpólà tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mìíràn) tí kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń yán ni mo ń wá.

"Running to catch the bus, my bag fell open." Ta ló ń sáré? Èmi ni, ṣùgbọ́n "my bag" ló tẹ̀lé kọ́mà. Báàgì ti di eléré ìje nìyẹn. Bí ìlà bá wà lábẹ́ apá ìbẹ̀rẹ̀, "As I was running" ló yanjú rẹ̀, torí apá náà ti ní olùwà (subject, ẹni tó ń ṣe nǹkan) tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn kọ́mà ni wọ́n fàlà sí, àfi kí ẹni tó ń sáré bọ́ síbẹ̀ gan-an: "I felt my bag fall open." Nítorí náà, kí n tó ka A dé D rárá, ibi tí ìlà wà ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Èyí tó fẹ́ràn láti tan èèyàn jù ni: "Having read the letter twice, Tolu's anger cooled." Ojú á rí Tolu, ọkàn á balẹ̀. Àmọ́ 's yẹn ti gba ipò olùwà lọ́wọ́ Tolu, ó ti gbé e fún "anger". Ìbínú kì í sì í ka lẹ́tà. Gbogbo ìdáhùn tó fi ẹni náà pamọ́ sẹ́yìn 's ni mo pa rẹ́, mo tún pa èyí tó fi "there was" bẹ̀rẹ̀. "Tolu felt her anger cool" ló kù. Ó gùn ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó bá ti mọ́ lára láti máa mú ìdáhùn tó kúrú jù yóò fò ó dá.

"Students who practise often pass" ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì: ṣé ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe léraléra, àbí yíyege? Mo gbé "often" síwájú "practise", ó parí.

Ọ̀kan wà tí mi ò fọwọ́ kàn: "Judging by the marks, the test was hard." Òótọ́ ni pé ìdánwò kọ́ ló ń ṣèdájọ́, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ bíi "judging by" àti "considering" ti fìdí múlẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì débi pé wọn kò nílò olùwà mọ́. "No change" ni mo mú níbẹ̀.