Ṣé oríkì ni àbí èébú? Bí mo ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó le

Ọdún 2009 ni mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí mo fi ń wáṣẹ́ pé “I am a hardworking and obsequious young man.” Ìwé atúmọ̀ èdè kékeré kan tí mo rà lẹ́bàá ọ̀nà ní Dùgbẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ náà. “Too willing to serve or obey” ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀. Mo rí “serve”, mo rí “obey”, inú mi dùn. Ọ̀gá wo ni ò ní fẹ́ ọmọọṣẹ́ tó ń gbọ́ràn?

Màmá kan wà láàárín àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n fi bírò tọ́ka sí ìlà yẹn.

“Ọmọ mi, ta ló bá ẹ kọ lẹ́tà yìí?”

“Èmi ni mo kọ ọ́, mà.”

“O mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́?”

“Ẹni tó máa ń gbọ́ràn ni, mà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. “Ohun tó o sọ fún wa ni pé bí mo bá sín báyìí, wàá ní kí n jọ̀ọ́ tún un sín, pé ó dùn ún gbọ́.”

Mi ò ríṣẹ́ náà gbà. Lónìí, àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB ni mò ń kọ́ ní lẹ́sìnnì n'Íbàdàn, “obsequious” yìí náà ni mo sì máa ń kọ́kọ́ kọ sójú bọ́ọ̀dù, kí ìtìjú mi lè wúlò fún ẹnì kan.

Kó o tó bèèrè ohun tí ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí, kọ́kọ́ bèèrè pé: ṣé oríkì ni àbí èébú? Ohun tí mo fò dá nínú ìwé yẹn ni “too”. Àṣejù ni “too”, àṣejù sì ni baba àṣetẹ́. Bó o bá rí “too” tàbí “excessively” nínú àlàyé ọ̀rọ̀ kan, fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Èébú lo dì mú yẹn.

Lẹ́yìn náà, wá ibi tí wọ́n ti bí i. Èdè Látìnì ló ti wá, lára “sequi”, ìyẹn kéèyàn máa tẹ̀ lé nǹkan. Ọmọ ìyá ẹ̀ ni “sequence”, “sequel”, “consequence” àti “subsequent”. Kò sí èyí tí kò ní ìtẹ̀lé nínú. Fojú inú wo ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ̀gá kiri, tó ń já báàgì gbà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ò ní kó bá òun gbé e. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ rere ni: ẹni tó gbọ́ràn, tó mọ ojúṣe ẹ̀, ni àwọn Òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀. Ó kàn bà jẹ́ bọ́dún ṣe ń gorí ọdún ni. Ká ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn ni mo kọ lẹ́tà mi, bóyá wọn ì bá gbà mí. Má sì jẹ́ kí “obsequies” tàn ẹ́ jẹ o, ètò ìsìnkú nìyẹn.

Ibi tó ti máa ń ta kókó fáwa Yorùbá ni ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí pé, “Sà, ṣé gbogbo wa la jẹ́ obsequious nìyẹn?” Ìbéèrè gidi ni. Rárá. Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá ẹ̀ láàárọ̀, ọ̀wọ̀ ló fún un, “respectful” ni. Àmọ́ mo rí ọkùnrin kan níbi ìnáwó. Kí alága tó jókòó, ó ti fi etí agbádá ara ẹ̀ nu àga. Alága ṣẹ̀fẹ̀ kan tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, ọkùnrin yìí nìkan ló rẹ́rìn-ín, ó tún ń fọwọ́ lu itan. Alága ní ata ọbẹ̀ yìí ti pọ̀ jù, ọkùnrin náà ní òun náà ti kíyè sí i, bẹ́ẹ̀ wọn ò tí ì gbé oúnjẹ dé iwájú ẹ̀. Obsequious nìyẹn látòkè délẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà. Ohun tí onítọ̀hún ń wá nílẹ̀ ni kó o wò.

Tò ó mọ́ àwọn ará ilé ẹ̀ náà. “Obedient” ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. “Deferential” ń fi àgbà sípò àgbà, kò sí èébú níbẹ̀. “Servile” ti sọ ara ẹ̀ di ẹrú. “Sycophant” ni orúkọ èèyàn náà fúnra ẹ̀, ẹni tó ń fi ìpọ́nni jẹun. Eye-service tá a máa ń sọ ní Nàìjíríà sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ń ṣe eye-service ń ṣiṣẹ́ torí pé ọ̀gá ń wo òun. Ẹni tó jẹ́ obsequious lè má fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Ọ̀gá gan-an niṣẹ́ ẹ̀.

Pípè ẹ̀ ò le. Sílébù mẹ́rin ni, ìkejì lo máa tẹ ohùn mọ́: ọb-SÍÌ-kwi-ọs.

Èèyàn lè jẹ́ obsequious, ẹ̀rín ẹ̀ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń tẹrí ba náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. “To” tàbí “towards” ló máa ń tẹ̀ lé e kó o tó dárúkọ ọ̀gá. Ẹlòmíì la sì máa ń fi bú. Kò sẹ́ni tó ń pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀, àfi èmi ní 2009. Bí wọ́n bá bi ẹ́ ní òdìkejì ẹ̀ nínú ìdánwò, má sáré mú “rude” bí àwọn ọmọ mi ṣe máa ń ṣe. Òdìkejì ẹni tó ń fà nílẹ̀ ni ẹni tó nàró: “assertive”, tàbí “domineering”, ìyẹn ẹni tó ń jẹ gàba lé èèyàn lórí, bó bá jẹ́ òun ló wà lára ìdáhùn tí wọ́n ní kó o mú.

Ó wá kù kó o kọ gbólóhùn tìẹ, látinú ohun tójú ẹ rí. Bó o bá kọ ọ́ tán, yọ “obsequious”, fi “respectful” rọ́pò. “The conductor was obsequious to the old woman”: fi “respectful” sí i, kò sóhun tó yí padà, torí náà o ò tí ì lò ó. Wo èyí: “The conductor, who had insulted us all the way from Iwo Road, became obsequious the moment the policeman climbed in.” Fi “respectful” síbẹ̀, wàá rí i pé iyọ̀ ti kúrò nínú ọbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan kọ tiẹ̀ wá: “The apprentice was so obsequious that he thanked his madam for slapping him.” Mo fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Mo ní níbo ló ti rí i. Ó ní ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí òun ni, pé ọmọọṣẹ́ náà ti ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, kì í sì í kí àǹtí mọ́.