Ọmọ tó fi orí ṣèṣe: ohun tí àwọn òbí ń bi wá nípa físíò àti ilé ìwé n'Íbàdàn

Ìbéèrè kan náà là ń gbọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà kíníìkì, lórí fóònù, lẹ́yìn ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ọmọ tí ọ̀kadà gbá ni, tàbí èyí tó já láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tàbí èyí tí àìsàn yírùnyírùn tàbí ibà dé ọpọlọ rẹ̀, tàbí ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde tí rọpárọsẹ̀ kọlù, tàbí èyí tí kò tètè ké lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ohun tó fà á yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn òbí ti ń kọsẹ̀ kò yàtọ̀.

Ìbéèrè: Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa pé, àmọ́ ọmọ ń bì. Ṣé ká dúró?

Ẹ má dúró. Èébì léraléra, orí fífọ́ tó ń le sí i, oorun tí ẹ ò lè jí i nínú rẹ̀, gìrì, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó rọ lójijì: ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí pàjáwìrì. Láti 1962 tí Dókítà Latunde Odeku ti dé UCH, ọsibítù ńlá Yunifásítì n'Íbàdàn, ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ níbẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹ ó fi kọ́kọ́ yà sí ilé àgbo. Bó bá jẹ́ ọmọ tí wọ́n fi shunt, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú ara, fa omi orí fún, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó sọ nǹkan mìíràn, torí ó lè jẹ́ pé ọ̀nà omi náà ló dí.

Ìbéèrè: Bí gìrì bá mú un nílé ńkọ́?

Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ọsibítù. Ẹ má ki síbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má da àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun.

Ìbéèrè: Oṣù mẹ́fà rèé tí gìrì kò mú un mọ́. Ṣé a lè dá oògùn dúró?

Rárá. Dókítà ni yóò dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá já a lójijì, gìrì tí kò ní tètè dá lè tẹ̀lé e.

Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni ìwọ̀n oògùn náà. Bí ọmọ ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn gìrì. Ọmọ tó jẹ́ kílò 14 nígbà tí wọ́n kọ ọ́, tó wá di kílò 20, oògùn náà lè máà ká a mọ́. Phenobarbitone sì lè mú kí ọmọ máa tòògbé, tàbí kó máà lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí olùkọ́ bá ní irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò sílẹ̀, ẹ mú un lọ fún dókítà.

Ìbéèrè: A ń lọ físíò (ìtọ́jú tí wọ́n fi ń na iṣan àti oríkèé) lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, a ò rí ìyàtọ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò lè tó, bó ti wù kí físíò náà mọṣẹ́ tó. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Nínú rẹ̀, bóyá ni ọmọ lo wákàtí kan lọ́dọ̀ wọn, ọ̀dọ̀ yín ló ti ń lo ìyókù. Ẹ lọ síbẹ̀ láti kọ́ṣẹ́. Ẹni tó ń wẹ ọmọ, tó ń gbé e pọ̀n, òun ni kí ẹ mú dání, ìbáà jẹ́ ìyá àgbà. Ẹ tọrọ ààyè kí ẹ fi fóònù ya fídíò bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹ sì ṣe é lójú wọn kí ẹ tó kúrò.

Èyí tí àwọn ènìyàn ń ṣe lódì jù ni nína ẹsẹ̀ ọmọ tó ń fi ọmọ ìka rìn. Wọ́n á di ọmọ ìka ẹsẹ̀ mú, wọ́n á máa fà á. Àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń tẹ̀, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ tó kúrú kò yí padà. Gìgísẹ̀ ni kí ẹ gbá mú sínú àtẹ́lẹwọ́, kí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ fara ti apá yín, kí orúnkún rẹ̀ nà gbọọrọ. Ẹ fa gìgísẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí apá yín máa ti iwájú ẹsẹ̀ padà sọ́dọ̀ ọmọ. Níbi tó bá ti le, ẹ dúró, ẹ ka 30 láì kánjú, ẹ dẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lálẹ́. Ó yẹ kó le. Kò yẹ kó dun ọmọ débi ẹkún. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun kó wá fi agbára nà án. Egungun ọmọ tí kì í rìn kì í le tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń kán.

Ìbéèrè: Owó ọkọ̀ àti owó físíò ti kọjá agbára wa.

Ẹ béèrè ọ́fíìsì medical social worker, àwọn tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó àti ìdílé, nínú ọsibítù náà. Iṣẹ́ wọn ni, kì í ṣe ìtọrọ. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi kíníìkì dókítà àti físíò sí ọjọ́ kan náà. Bí ẹ bá wà lórí ìṣedúró ìlera (health insurance), ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọsibítù tó wà lórí káàdì yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti kọ lẹ́tà tí ẹ ó mú lọ sí ọsibítù ńlá, tí wọn yóò sì bá yín gba kóòdù àṣẹ ìtọ́jú. Ẹni tó bá lọ tààrà ni wọ́n máa ń ní kó sanwó látinú àpò ara rẹ̀. Ẹ béèrè iye ìgbà físíò tó wà nínú ìṣedúró náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Kì í jẹun, ṣé a lè máa rọ ọ́?

Ẹ má rọ ọ́ mọ́, láti òní lọ. Ọ̀fun ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ṣèṣe kì í tètè pa ọ̀nà èémí dé. Ẹ̀kọ tí ẹ dà sí i lẹ́nu bó ṣe dùbúlẹ̀ lórí itan lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ibẹ̀ sì ni ikọ́ àti ibà tó ń padà wá ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e jókòó ṣánṣán, kí àgbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Síbí kékeré, ẹ dúró kó gbé e mì kí ẹ tó bu òmíràn. Ẹ̀kọ tó ki díẹ̀ sàn ju èyí tó ń ṣàn bí omi. Kó wà ní ìjókòó fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ohùn rẹ̀ bá ń dún bí ẹni tí omi há lọ́fun, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ìbéèrè: Láti ìgbà tí yírùnyírùn ti ṣe é, ó ti ya alágídí.

Ẹ lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Yírùnyírùn máa ń ba etí inú jẹ́, ó sì lè sọ inú rẹ̀ di egungun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kò yẹ kí àyẹ̀wò náà pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá dá a sílẹ̀ ní ọsibítù. Ọmọ tó ń dáhùn nígbà tó ń wo ẹnu yín, tí kì í dáhùn bí ẹ bá pè é láti ẹ̀yìn, kò ya alágídí.

Ìbéèrè: Ó máa ń jẹ apá ọ̀tún àwo, á fi ti òsì sílẹ̀.

Ẹ yí àwo náà padà. Bó bá jẹ ìyókù, ẹ ti rí i: kò mọ̀ pé oúnjẹ wà níbẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ṣe sí ìwé. Ẹ fi bírò pupa fa ìlà sí etí òsì ojú ewé, kó máa wá ìlà náà rí kó tó ka ìlà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ gbé e jókòó sí apá òsì kíláàsì, kí bọ́ọ̀dù lè wà lápá ibi tó ti ń ríran. Dókítà ojú sì gbọ́dọ̀ rí i.

Ìbéèrè: Ó ti gbádùn. Ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣeré. Kí ló dé tó ń gbé ìkẹyìn, tí olùkọ́ ní ọ̀lẹ ni?

Èyí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà ló sì ń dùn wá jù, torí ọmọ tí a lè ràn lọ́wọ́ ni wọ́n ń nà.

Ẹ wo ọmọ ọdún 9 kan ní Primary 4. Irun ti hù bo àpá orí rẹ̀. Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, ó ṣe ìṣirò márùn-ún, ó gba márààrún. Lẹ́yìn ìsinmi, ó ti gbé orí lé tábìlì. Nígbà tó fi máa di aago méjìlá, irú ìṣirò kan náà, kò gba ẹyọ kan. Olùkọ́ á ní, “Ó mọ̀ ọ́n láàárọ̀, kí ló dé tí kò mọ̀ ọ́n lọ́sàn-án? Ìwà ni.” Àmì àìsàn náà gan-an nìyẹn. Ọpọlọ tó ṣèṣe máa ń lo agbára púpọ̀ fún iṣẹ́ kékeré, agbára náà sì máa ń tán kí ilé ìwé tó parí.

Olùkọ́ tún ní, “Ẹ mú ìwé yín jáde, ẹ ṣí ojú ewé 34, ẹ fa ìlà, ẹ ṣe nọ́ńbà 1 dé 5.” Ọmọ mú ìwé jáde, ó wá jókòó, ó ń wò. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló dúró lọ́kàn rẹ̀, mẹ́ta tó kù ti lọ. Wọ́n á nà án. Ẹgba kò lè dá ohun tó sọnù padà. Ìfọ́tí sì léwu fún orí tó ti ṣèṣe rí; ẹ sọ ọ́ fún wọn láìfi bò.

Òmíràn ni ọmọ tó ṣèṣe ní ọdún 4, tí gbogbo nǹkan rẹ̀ lọ déédéé títí dé JSS1. Iwájú ọpọlọ, tí a fi ń ṣètò, tí a fi ń kó ara ẹni níjàánu, ṣì ń dàgbà títí ènìyàn fi lé ní ogún ọdún. Àbùkù ibẹ̀ lè máà hàn títí iṣẹ́ ibẹ̀ yóò fi dé: olùkọ́ mẹ́wàá, ìwé mẹ́wàá, tàìmù-tébù. Ibẹ̀ ni àwọn òbí ti ń rò pé ayé ló ń ṣe é, tí wọ́n ń fi owó ilé ìwé ṣe ìpèsè. Ẹ sọ ọjọ́ tí ọmọ ṣèṣe fún gbogbo ilé ìwé tó bá wọ̀, bó ti wù kó ti pẹ́ tó.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ jù ni lẹ́tà ọsibítù. Lẹ́tà tí wọ́n sábà ń fún òbí kò ju ìlà méjì lọ: ọmọ fi orí ṣèṣe, ara rẹ̀ ti dá, ó lè padà sí ilé ìwé. Ọ̀gá ilé ìwé á fi í sínú fáìlì, ó parí. Kò sí olùkọ́ tó lè fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣe ohunkóhun.

Báyìí ni kí ẹ ṣe. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Fún ọjọ́ márùn-ún, kí olùkọ́ kọ aago, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àti ohun tí ọmọ ṣe. Kí ẹ̀yin náà kọ bó ṣe rí nígbà tó délé, wákàtí tó fi sùn, bóyá orí fọ́ ọ. Ẹ gbé ìwé náà lọ sí kíníìkì. Ẹ béèrè bóyá onímọ̀ ìrònú, psychologist, lè dán ìrántí àti àfiyèsí rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ dókítà kó kọ ohun tí ilé ìwé yóò ṣe:

Kó wà ní ilé ìwé láti aago 8 sí 10:30 fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n fi wákàtí kan kún un ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì bí orí kò bá fọ́ ọ. Iṣẹ́ tó le, àárọ̀. Ìsinmi ìṣẹ́jú 10 níbi tí ariwo kò sí, lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ kan lẹ́ẹ̀kan, kó tún un sọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìjókòó iwájú, kó jìnnà sí fèrèsé. Ìdajì iṣẹ́ àmúrelé. Kò gbọdọ̀ fi orí gbá bọ́ọ̀lù, kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà.

Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ìpàdé tí olùkọ́ kíláàsì fúnra rẹ̀ yóò wà níbẹ̀, kí wọ́n kà á sókè. Tí ẹ bá fún ọ̀gá nìkan, kò ní dé kíláàsì. Ní oṣù kẹsàn-án, olùkọ́ yóò yí padà, lẹ́tà á sì di ohun ìgbàgbé. Ẹ tún ìpàdé náà ṣe lọ́dọọdún.

Ẹ sì dá lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ dúró fún sáà àkọ́kọ́, àti ilé kéú àṣálẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ òbí ń fi lẹ́sìnnì lé ohun tí ọmọ pàdánù bá, wọ́n sì ń jẹ agbára tó yẹ kó fi gbọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì tán.

Ìbéèrè: Ilé ìwé ní kí a gbé e lọ sí ibòmíràn.

Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 sọ pé aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀. Òfin UBE, ti ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti 2004 sì sọ ẹ̀kọ́ ìjọba di ọ̀fẹ́ àti dandan títí dé JSS3. Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, torí ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà n'Íbàdàn, tí ẹ bá lọ sí èyí tí kì í ṣe tiyín wọ́n á dá yín padà. SUBEB, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ló kàn. Bó bá jẹ́ ilé ìwé aládàáni tí kò fẹ́ ọmọ yín rárá, ẹ má fi ọdún kan bá wọn jà nígbà tí ọmọ jókòó sílé.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe ilé ìwé akànṣe ló yẹ ẹ́?

Ọmọ tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, tí àárẹ̀ àti ìgbàgbé jẹ́ ìṣòro rẹ̀, lẹ́tà òkè yìí ló nílò. Ti ọmọ tí kò gbọ́ràn mọ́ yàtọ̀. Ijokodo High School ti pẹ́ tó ti ń gba ọmọ adití pọ̀ mọ́ àwọn tó ń gbọ́. Kí ẹ tó pinnu, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ tó kọ́ ẹ̀kọ́ akànṣe, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́, jókòó ti ọmọ ní kíláàsì fún àárọ̀ kan.

Ìbéèrè: WAEC ń bọ̀, kò lè kọ̀wé yára.

Ilé ìwé ló ń tọrọ àfikún àkókò, nígbà tí wọ́n bá ń forúkọ sílẹ̀, pẹ̀lú ìwé ọsibítù. Bí ẹ bá dé ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ó ti pẹ́. Láti SS1 ni kí wọ́n ti máa fún un ní àfikún àkókò nínú ìdánwò sáà, kí ó sì wà nínú fáìlì rẹ̀, kó tó di ọjọ́ tí wọn yóò kọ̀wé.