Bí a ṣe ń pa àkọsílẹ̀ ẹja mọ́ ní ẹnu Odò Ògùn: ìtọ́sọ́nà fún àwọn apẹja Ìkòròdú

Ní àkókò òjò, bí omi Odò Ògùn bá ti pọ́n tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá pàǹtírí wá sí ẹnu ọ̀sà ní Májídùn, ọ̀rọ̀ méjì ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn apẹja. Àwọn kan á ní wọ́n ti ṣí ìsédò, ìyẹn dáàmù tí wọ́n fi sé odò lókè, àwọn mìíràn á ní àwọn tí ń fa iyanrìn ni wọ́n da ibùgbé ẹja rú. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè mọ èyí tí ó wúwo jù bí kò bá sí ìwé tí a lè ṣí wò. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún apẹja, oníṣòwò ẹja tàbí olórí ẹgbẹ́ apẹja tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní etí omi Ìkòròdú.

Kí a tó mú bírò, ó yẹ kí a mọ ibi tí omi wa ti ń bọ̀. Odò Ògùn ṣàn wá láti agbègbè Ṣakí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì wọ Ọ̀sà Èkó ní ìhà Àgbóyì àti Májídùn. Ìsédò ńlá méjì ni ó wà lókè. Ti Ìkẹ̀rẹ̀, nítòsí Ìṣẹ́yìn, wà lórí Odò Ògùn fúnra rẹ̀, a sì kọ́ ọ láti gba omi tí ó tó 690 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Ti Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, wà lórí Odò Ọ̀yán tí ó ń dà sínú Ògùn kí ó tó dé Abẹ́òkúta, ó sì gba 270 mílíọ̀nù. Ọ̀yán ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábà máa ń kan àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, nítorí pé bí ó bá kún ní oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá, wọ́n gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀ kí ògiri rẹ̀ má baà wà nínú ewu. Àwọn tí omi lé kúrò nílé ní 2010 kò nílò àlàyé lórí èyí.

Ohun tí ó kan ẹja jinlẹ̀ ju ìkún omi lọ. Àrọ̀ kì í yé sínú omi jíjìn: ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá mú kí odò bo koríko etí rẹ̀ ni ó máa ń wọ inú koríko náà lóru, tí ó sì ń yé ẹyin rẹ̀ mọ́ ara ewé. Bí ìsédò tí omi inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bá gba omi àkọ́kọ́ yìí mọ́ra láti fi kún inú ara rẹ̀, odò ìsàlẹ̀ kò ní í kún bò koríko lásìkò, àrọ̀ yóò sì dúró lásán. Bí wọ́n bá wá tú omi sílẹ̀ lójijì ní oṣù kẹwàá, tí wọ́n sì tún sé e lójijì, àwọn ọmọ ẹja tí omi gbé wọ inú koríko á há sínú kòtò kéékèèké, oòrùn á sì pa wọ́n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, bí omi tí ń ti òkè wá bá kéré, iyọ̀ òkun á rìn jìnnà wọ inú ọ̀sà. Àrọ̀ á sá fún un, àtókò àti kùtà á sì tẹ̀lé e wọlé. Nítorí náà, ẹja kan lè dín kù kí òmíràn sì pọ̀ sí i ní ọdún kan náà, ẹni tí ó bá sì ń ka gbogbo ẹja pọ̀ mọ́ra yóò rò pé nǹkan kan kò yí padà.

Ibi tí a ó ti máa wò

Ẹ yan ibi mẹ́ta péré, kí ẹ má sì ṣe yí wọn padà títí ọdún yóò fi yípo. Kí ọ̀kan wà ní ẹnu odò gan-an, ní ìhà Májídùn, níbi tí omi ìsédò yóò ti kọ́kọ́ dé. Kí èkejì wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fa iyanrìn. Kí ẹ̀kẹta jìnnà sí méjèèjì, níbi tí ẹ̀rọ afaniyanrìn kò sí. Ibi kẹta yìí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fò, wọ́n á ní kí ni àwọn ń wá lọ síbi tí kò sí ìyọnu. Èmi gbà pé òun ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé bí ọ̀bọ̀kún, ọ̀kan nínú àwọn ẹja ọ̀sà wa, bá dín kù ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà kan náà, a kò lè di ẹ̀bi náà ru ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìdí ẹ̀rọ nìkan ni ó ti dín kù, ìsédò kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ní ẹnu odò, ẹ ri ọparun kan mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi ọ̀dà sàmì sí i ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 5. Ọ̀sà máa ń kún, ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nítorí náà ìgbà tí omi bá fà tán ni kí ẹ máa ka àmì náà. Ẹ rántí pé àkókò yìí ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 sún síwájú lójoojúmọ́. Bí àmì bá ń gòkè fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, tí òjò kò rọ̀ ní Ìkòròdú, tí omi sì pọ́n, òkè ni omi náà ti wá. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àjọ tí ń bójú tó àwọn odò Ògùn àti Ọ̀ṣun bóyá wọ́n tú omi sílẹ̀, àti pé ọjọ́ wo ni.

Kíka ẹja

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dán iṣẹ́ yìí wò, apẹ̀rẹ̀ ni mo ń kà. Mo kọ “apẹ̀rẹ̀ méjì,” “apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta àbọ̀” sínú ìwé fún oṣù mẹ́jọ, kò sì sí ohun kan tí mo rí fà yọ nínú rẹ̀, nítorí pé apẹ̀rẹ̀ apẹja kan kò bá ti ẹnì kejì rẹ̀ dọ́gba, mo sì tún gbàgbé láti kọ bí àwọ̀n ṣe gùn tó àti bí ó ṣe pẹ́ tó nínú omi. Ẹja tí a mú kò ní ìtumọ̀ bí a kò bá mọ iye làálàá tí a fi mú un.

Ohun tí ẹ nílò ni òṣùwọ̀n kílò, gígùn àwọ̀n ní mítà, wákàtí tí ẹ fi dẹ ẹ́, àti fífẹ̀ ojú àwọ̀n. Láti wọn ojú àwọ̀n, ẹ na ojú mẹ́wàá tí ó tẹ̀léra títí wọn yóò fi le, ẹ wọn ọ́n láti kókó àkọ́kọ́ dé kókó ìparí, kí ẹ sì fi 10 pín in. Lẹ́yìn náà ni ìṣirò. Bí àwọ̀n mítà 200 bá wà nínú omi fún wákàtí 10 tí ó sì mú kílò 16, kílò 0.8 ni fún mítà 100 ní wákàtí kan. Bí ọ̀rẹ́ yín bá dẹ mítà 400 fún wákàtí 12, tí ó sì gbé kílò 24 wálé, gbogbo etí omi á máa kí i kú oríire, bẹ́ẹ̀ kílò 0.5 péré ni tirẹ̀. Bí a bá wo làálàá tí ó ṣe, ẹja tirẹ̀ ni ó kéré jù.

Ẹ ya irú ẹja kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Nínú irú kọ̀ọ̀kan, ẹ mú 30 tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ bà láìṣa èyí tí ó tóbi, kí ẹ sì wọn gígùn wọn lórí pákó tí a lẹ rúlà mọ́. Ẹpìyà ni a ń wọ̀n láti ẹnu dé òpin ìrù. Ọ̀bọ̀kún ní ìrù tí ó yà sí méjì, nítorí náà a máa dúró níbi tí ìrù náà ti yà. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ di ọ̀bọ̀kún mú, nítorí ẹ̀gún ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun àwàdà.

Ní ti ẹyin, àwọn ìyá tí ń ṣe ẹja lọ́jà ni kí ẹ bẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ń la ikùn ẹja lójoojúmọ́. Ẹ béèrè iye ọ̀bọ̀kún tí ó ní ẹyin nínú 30, àti èyí tí ó kéré jù nínú wọn. Ẹpìyà ọ̀sà nìkan ni ó lè tan ènìyàn jẹ: akọ rẹ̀ ni ó ń kó ẹyin sẹ́nu títí yóò fi pa, tí ó sì máa ń pọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí a bá fà á jáde nínú àwọ̀n. Ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wò kí ẹ tó kọ ọ́ pé kò sí ẹyin.

Omi fúnra rẹ̀

Ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn iyọ̀ wà lọ́jà. Bí ẹgbẹ́ bá lè ra ọ̀kan, ó tó gbogbo wọn. Kí omi mọ́ tàbí kí ó dọ̀tí, a lè fi àwo róbótó kan wọ̀n ọ́n, tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, tí a kun ní dúdú àti funfun, tí a so òjé mọ́ nídìí. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn títí ojú kò fi ní í rí i mọ́, kí ẹ wọn okùn náà. Nítòsí ẹ̀rọ afaniyanrìn, okùn náà máa ń kúrú, ẹ ó sì rí i fúnra yín. Bí ẹja bá ń yọ ẹnu sókè láti mí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ kọ ìyẹn náà.

Àwọn ẹran omi yòókù kò gba iṣẹ́ púpọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀nì, awọ́nríwọ́n tàbí ahun odò, ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i ti tó. Mánátì, ẹran ńlá tí ń jẹ koríko etí omi, ni kí ẹ ṣọ́ra fún: òfin ilẹ̀ wa ti 1985 kò gbà kí a pa á, ó sì níláti máa gòkè wá mí. Bí ó bá há sínú àwọ̀n, ẹ gé àwọ̀n náà kíákíá.

Lílo ìwé náà

Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ fi oṣù kọ̀ọ̀kan ṣe ìlà kan: kílò fún mítà 100 ní wákàtí kan, gígùn ọ̀bọ̀kún tí ó bọ́ sí àárín bí a bá tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, iye tí ó ní ẹyin, iyọ̀, àti ọjọ́ tí omi ìsédò dé. Bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀bọ̀kún yín bá kéré sí èyí tí ó kéré jù tí ó ní ẹyin, ojú àwọ̀n yín ti tín jù, ọ̀rọ̀ ìsédò kò sì sí níbẹ̀. Ẹ gbé e síwájú ẹgbẹ́ àti baálẹ̀, kí ẹ fẹnu kò lórí ojú àwọ̀n tí ó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì fi koríko etí odò sílẹ̀ láìdẹ àwọ̀n síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀. Ẹ má ṣe da àrọ̀ inú oko ẹja sínú odò ní orúkọ ìrànlọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àdàlù, wọ́n sì lè ba ìran ti odò jẹ́.

Bí ìwé bá fi hàn pé ìsédò ni, ẹ kọ lẹ́tà sí àjọ náà pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà. Ẹ má ṣe béèrè pé kí wọ́n ṣí ìsédò tàbí kí wọ́n tì í, nítorí wọn kò ní í dá yín lóhùn. Ẹ béèrè ohun tí ó ṣeé ṣe: kí wọ́n jẹ́ kí díẹ̀ kọjá nínú omi àkọ́rọ̀, kí wọ́n máa dín omi kù díẹ̀díẹ̀ dípò kí wọ́n sé e lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì fún ẹgbẹ́ ní ìkìlọ̀ ṣáájú.

Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní òpin oṣù, nítorí omi kì í mọ̀ pé ìwé ni. Oṣù kejì ni ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí iyọ̀ ṣì ga tí odò sì rọlẹ̀, kí ẹ lè ní nọ́ńbà tí ẹ ó fi wé ti omi tí òjò àkọ́kọ́ bá gbé dé.